Ohùn Odó ní Attiégou

Agogo kò tíì lu méjìlá tí mo ti ń gbọ́ ọ. Gbì, gbà, gbù. Gbì, gbà, gbù. Mi ò tíì rí odó, mi ò sì rí ẹni tó ń gún un, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí mò ń tọ̀. Ọmọ Iléṣà ni mí. Kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ohun tí ọmọ odó mẹ́ta ń wí fún mi.

Attiégou ni mo wà, ní ìhà ìlà-oòrùn Lomé, níbi tí ènìyàn máa ń dé tó bá ti kọjá ọjà Hédzranawoé tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà. Oòrùn ti dúró sí àtàrí. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Togo ló máa ń tì lágogo méjìlá, ó sì di méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó padà ṣí, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ iléèwé wọ káákì, wọ́n ń fẹsẹ̀ tu iyanrìn. Àwọn zémidjan, ọ̀kadà tiwọn, ń fun fèrè láìsinmi. Obìnrin kan gbé igbá ayimolou sórí, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Orúkọ oúnjẹ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ lédè wọn, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Mo rí gbogbo wọn, mi ò sì wo ọ̀kankan dáadáa. Gbì, gbà, gbù.

Abẹ́ páànù ni wọ́n wà. Obìnrin mẹ́ta ló yí odó kan ká lórí ìdúró, ìyá àgbàlagbà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú abọ́ omi. Ọwọ́ ìyá yìí ni mo tẹjú mọ́. Bí ọmọ odó kan bá ti gòkè, ọwọ́ náà á wọlé, á ti iyán láti etí odó sáàárín, á wọ́n omi díẹ̀, á sì ti jáde kí ọmọ odó kejì tó balẹ̀. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ló ń dá lóhùn, ó ń bá a dúnàá-dúrà lórí ẹran ewúrẹ́. Àyà mi ń já fún un títí mo fi rí i pé ọwọ́ náà mọ ìlù yẹn ju etí mi lọ.

Báyìí ni ìyá ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ní ilé wa nígbà náà, ẹni tó ń gúnyán kò lè fi í pamọ́ fún aládùúgbò. Bí odó bá ti dún, àwọn ọmọ ilé kejì á wá kí wa, ìkíni wọn á sì pẹ́. Lónìí mo lè gbé oṣù mẹ́fà ní Èkó láìgbọ́ odó lẹ́ẹ̀kan. Póńdò la ń rò lórí gáàsì, ilẹ̀kùn kíṣìnnì ní títì. Mi ò bá póńdò ṣọ̀tá, ó ń gba ẹni tó tibi iṣẹ́ dé lálẹ́ là. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò pariwo kì í pe àlejò, ìyẹn sì ń dùn mí.

Wọn kì í pè é ní iyán níbí. Fùfú ni. Èyí tí àwa ń pè ní fùfú, ti ẹ̀gẹ́ rírẹ, ọ̀tọ̀ ni. Iṣu pọ́ńbélé ni wọ́n ń gún, láti ìhà Bassar àti Sokodé lókè, níbi tí ọdún iṣu ti jẹ́ ọdún ńlá. Ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ní Lomé máa ń gba Atakpamé kọjá, ìlú tí àwọn Ifẹ̀ wà, àwọn tí a tún ń pè ní Àná, tí wọ́n ń sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti wá. Ojúlé àwọn ọmọ ìyá wa ni iṣu náà gbà kọjá kó tó dénú odó yìí. Nígbà tí wọ́n bu tèmi, ọbẹ̀ olómi ata bo iyán náà mọ́lẹ̀ bí odò ṣe ń bo àpáta. Iléṣà ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Ìyá kan ni, ó wọ ìró àti bùbá, ó di ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ mú, ọmọ náà ò ju ọdún méje lọ.

“Màmá, ṣé fùfú ti ẹgbẹ̀rún kan lẹ máa rà?”

“Iyán ni, ọkọ mi.”

“Tàǹtí ní fùfú ni.”

“Òótọ́ ni tàǹtí sọ. Níbí, fùfú ni. Nílé wa, iyán ni.”

Ọmọ náà ronú sí i. Ó nàka sí odó. “Ìyẹn ńkọ́? Òun náà lórúkọ méjì?”

“Odó nìyẹn.”

“Odó,” ni ọmọ náà wí, ó sì tún un wí bí wọ́n ṣe ń gún un: odó, odó, odó, títí àwọn obìnrin mẹ́ta náà fi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó gbójú sókè fúngbà àkọ́kọ́. Ó bi wọ́n léèrè lédè Mínà, ìyá ọmọ fèsì lédè Mínà, ìyá arúgbó sì bu òkèlè kan tó gbóná, ó fẹ́ ẹ, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

“Iyán,” ló wí fún un. Ó fi ahọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iyán ló pè.

Ọmọ náà wo màmá rẹ̀ kó tó fi sẹ́nu. “Akpé,” ló fi dúpẹ́.

Nígbà tó fi máa di agogo méjì, wọ́n ti fọ odó, wọ́n ti dà á dé sínú oòrùn. Iyán ti tán.