Kí Ìtumọ̀ Dúró Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Tó Ni Ín

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ̀wé lórí gírámà èdè rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè náà mọ ìlà mẹ́ta tí mò ń sọ: gbólóhùn wà lókè, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà láàárín, ìtumọ̀ gbogbo gbólóhùn wà nísàlẹ̀. Nínú àwọn ìlànà tí a mọ̀ sí Leipzig Glossing Rules, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi kò ka èyí sí ọ̀ṣọ́ ojú ìwé. Nínú ìdánwò àfẹnusọ oyè ọ̀mọ̀wé kan tí mo bá wọn jókòó sí, olùdánwò tó wá láti ìta, ẹni tí Haúsá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, béèrè ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ 'jẹ' di ọ̀rọ̀-orúkọ. Gbólóhùn náà ni 'Adé ti ra ẹran jẹ'. Ìtumọ̀ 'ẹran' ti sún sábẹ́ 'jẹ'. Ìtumọ̀ 'jẹ' sì ti sá lọ sí etí ìwé. Odindi orí kan lórí asínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀ nítorí àlàfo. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ìlà òkè nìkan ni ojú wa ń kà.

Bọ́tìnì àlàfo ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi to ọ̀rọ̀. Àṣà yìí ti pẹ́. Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, ààyè kan náà ni 'i' àti 'm' ń gbà, nítorí náà ẹni tó bá lè ka àlàfo lè to ìlà (gègé ni a fi ń kọ àmì ohùn sí i lẹ́yìn náà). Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Times New Roman, 'm' fẹ̀ ju 'i' lọ dáadáa. Tiwa tún wá le jù: Unicode kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún 'ẹ́', 'ẹ' ni a ó kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e. Bí a bá gbé iṣẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní irú lẹ́tà tí a lò, ẹ̀rọ a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìbú lẹ́tà a yí padà, ohun tí a fi àlàfo tò a sì dà rú.

Táàbù kì í ka lẹ́tà. Ibi tí a bá kàn án mọ́ lórí rúlà ni yóò dúró sí. Bí a kò bá kan ọ̀kankan mọ́ ọn, Word a máa fo ààbọ̀ ínǹṣì, ààbọ̀ ínǹṣì, èyí tí kò bá gbólóhùn kankan mu. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ táàbù lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀rọ̀ méjì, kí wọ́n yan ìlà òkè àti ti àárín pọ̀, kí wọ́n wá tẹ orí rúlà níbi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n fi wọn ààyè. Lẹ́tà méjì ni 'ti', ṣùgbọ́n 'PERF' tí a ń kọ sábẹ́ rẹ̀ gùn jù ú lọ. Bí ó bá kọjá ibi tí táàbù tó kàn wà, ìtumọ̀ 'ra' yóò fò lọ sábẹ́ 'ẹran', a ó sì tún bá ara wa níwájú olùdánwò.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹ́ràn tábìlì tí a pa ìlà rẹ̀ rẹ́. N kò bá wọn jà, àmọ́ bí gbólóhùn bá pé ogójì nínú orí kan, tábìlì a máa súni. Ní tèmi, bí ọ̀rọ̀ kan bá gùn sí i, mo yan ìlà méjèèjì, mo fa táàbù rẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ lórí rúlà, ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ a sì jọ sún.