Àsíá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Rán

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Ní ilé wa ní Ṣakí, ìjà Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà kì í tán.

Bàbá wa àgbà jagun abẹ́lé, 1967 sí 1970. Tiwọn ni pé Amẹ́ríkà kọ̀, kò ta ohun ìjà fún wa. Rọ́ṣíà ló kó bàálù MiG wá. "Ẹni tó dúró tini lọ́jọ́ ìpọ́njú ni tẹni." Ẹ̀gbọ́n mi, télọ̀ tó ń gbé Kánò, á ní, "Bàbá, owó la fi rà á o! Ajaokuta tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ ní 1979 ńkọ́? Irin dà?" Amẹ́ríkà ni tiẹ̀, ó ta lọ́tìrì físà wọn títí wọ́n fi yọ Nàìjíríà kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jiyàn nìyẹn lọ́jọ́ Iléyá 2024.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn gbé àsíá Rọ́ṣíà ní Kánò àti Kàdúná. A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń kó àwọn télọ̀ tó rán an. Háà! A pe ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Bàbá àgbà ò dárúkọ Rọ́ṣíà mọ́, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin ló pè. Kónílé-ó-gbélé ló sé e mọ́lé, bátìrì fóònù ti kú. Ó ní ọmọ kan kó aṣọ funfun, búlúù àti pupa wá, òun ò gbà á. "Mo bi í, kí lo mọ̀ nípa Rọ́ṣíà? Ó ní òun ò mọ nǹkan kan, ebi ló ń pa òun."

Bàbá àgbà gba fóònù. Mo rò pé iyàn tún dé. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"