Ẹni Tí Wọ́n Ń Fà

Ẹ̀yin ará, a máa ń rí i lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá: ọkọ̀ kan bàjẹ́, òmíràn ń fi okùn fà á. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò níṣẹ́ kankan. Rárá o!

Òun ni yóò yí kọ́kọ́rọ́ kí sítíárìn má baà há. Òun ni yóò fi gíà sí fíríì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, bíréèkì á le, yóò fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ iwájú bá dẹwọ́ eré, òun ni yóò rọra tẹ bíréèkì, kí okùn má baà dẹ̀. Okùn tó dẹ̀, tí wọ́n wá fà lójijì, jíjá ló ń já.

Ẹni tó ń fà náà, kó rọra. Kó sì kọ́kọ́ béèrè: ṣé ọ́tò ni? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, ẹ́ńjìnì ló ń gbé ọ́ìlì yí inú gíà wọn ká. Bí a bá wọ́ irú wọn lọ jìnnà nílẹ̀, gíà lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gbé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrànlọ́wọ́ rí. Ìjọ lè bá ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè bá a di sítíárìn mú. Mo sì ti rí ẹni tó sá fún àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n fà á ju agbára rẹ̀ lọ. Gálátíà orí 6, ẹsẹ 2 ní ká bá ara wa gbé ẹrù. Ẹsẹ 5 fi ẹrù kan sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Méjèèjì ò ta kora.