Ṣé Ọgbọ́n Ni àbí Ojóró?

Ìwé ìròyìn wa tún dé. Àwọn ọmọ ti ní ó tó gẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìpàdé àti owó ẹgbẹ́, kí a kọ nípa bọ́ọ̀lù lọ́tẹ̀ yìí. A gbà fún wọn. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó gbá góòlù jù la fẹ́ sọ. Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, láti oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, la fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ rẹfirí ni, tí àwọn ará ibí ń pè ní ọ́ńpáyà, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọgbọ́n yí òfin po.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Fúútì kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí a gbá dàgbà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, pápá rẹ̀ náà rí bí ẹyin. Èèyàn 18 ló máa ń wà lórí pápá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rin ló dúró ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, méjì gíga láàrin, méjì kúkurú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó gíga méjèèjì láìkan ẹnikẹ́ni, àmì 6 nìyẹn. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, tàbí tó kan òpó gíga, àmì 1 péré ni. Ẹ lè gbé bọ́ọ̀lù sá, ẹ lè fi ìkúùkù gbá a sí ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ jù ú. Ìlú Melbourne yìí náà ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1859. Òfin 10 péré ni nígbà náà. Ẹ wo ìwé òfin wọn lónìí, ẹ ó rí i pé ọmọ ti bí ọmọ.

Ohun tó mú kí ariwo pọ̀ nínú eré yìí ni pé ọ̀pọ̀ òfin rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú nìkan lè rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ dídi bọ́ọ̀lù mọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbá ẹ mú tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ, rẹfirí gbọ́dọ̀ rò ó wò lójú ẹsẹ̀: ṣé o ti ní ààyè láti gbá a kí wọ́n tó mú ẹ, àbí o ò ní? Bí o bá ti ní ààyè tí o ò lò ó, fíríkíìkì di ti ẹni tó mú ẹ. Ta ló wá ní òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ààyè? Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi ń pariwo “Ball!” lẹ́ẹ̀kan náà ní pápá MCG. Bí rẹfirí bá fọn fèrè, ìdajì á bínú. Bí kò bá fọn ọ́n, ìdajì yòókù á bínú. Ọdún 1976 ni rẹfirí inú pápá di méjì, ọdún 1994 ni wọ́n di mẹ́ta, ọdún 2023 ni wọ́n di mẹ́rin. Ẹ wá sọ fún wa, ṣé ariwo dínkù?

Àwa tí a ti ilé wá tún gbé ẹrù tiwa kún un. Àwọn kan nínú wa tẹ̀lé Shooting Stars n'Ìbàdàn, àwọn kan tẹ̀lé Stationery Stores l'Ékòó. Láyé ìgbà yẹn, bí fèrè kò bá ti bá àwọn èrò lára mu, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde ni “Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀!” Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀rí. Ẹni tó ti rí ìrẹ́jẹ lójú títì, ní ọ́fíìsì àti nídìí ìbò, ó ṣòro fún un láti gbà pé èèyàn lè ṣe àṣìṣe lásán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síbí kò rí ohun tí a rí. Ohùn wa nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ohùn náà ni wọ́n sì ń kọ́. Nítorí náà, a rò pé ó yẹ ká pín ọ̀rọ̀ yìí sí mẹ́ta fún wọn: àṣìṣe, ọgbọ́n, àti ojóró. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àṣìṣe ṣáájú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Adelaide gba Sydney lálejò ní Adelaide Oval. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, Sydney ló wà níwájú, ni Ben Keays ti Adelaide bá gbá bọ́ọ̀lù sójú òpó. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti ń yọ̀. Rẹfirí ìdí òpó ní ó tì o, bọ́ọ̀lù kan òpó, àmì 1 ni. Àwòrán tẹlifíṣàn wá fi hàn pé bọ́ọ̀lù kò kan òpó rárá. Àmì 1 péré ni Sydney fi borí, Adelaide kò sì dé ìpele àṣekágbá lọ́dún náà.

“Màgòmágó nìyẹn!” ni ọ̀kan nínú wa pariwo. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì, Gillon McLachlan, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà AFL nígbà náà, jáde sí gbangba, ó ní àṣìṣe ni. Èsì eré kò yí padà, ó sì dun àwọn ará Adelaide wọra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: olè kì í jáde lọ́jọ́ kejì kó ní òun ló jalè. Ẹ̀rọ fídíò sì ti wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí láti ọdún 2012, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù tó kan òpó ti di góòlù nínú àṣekágbá ọdún 2009 àti ti ọdún 2011. Ẹ̀rọ wà, àmọ́ wọn ò bi í. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni pé ọkàn rẹfirí balẹ̀, kò bèèrè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù gan-an ló yẹ kó tún bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ló kàn. Lọ́dún 2008, Richmond ń fi àmì 6 ṣíwájú Essendon, àkókò ń lọ sópin. Joel Bowden ti Richmond gbé bọ́ọ̀lù, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e padà kọjá ìlà lábẹ́ òpó tiwọn. Ó fún Essendon ní àmì 1. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kí nìdí? Bí o bá fi àmì 1 tọrẹ báyìí, ìwọ náà ni wàá tún gbé bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, aago á sì máa lọ. Richmond fi àmì 4 borí. Nígbà tó di àṣekágbá ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, Hawthorn kojú Geelong. Bí Geelong bá ti há wọn mọ́ sí ìdí òpó, Hawthorn á gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà fúnra wọn. Ìgbà 11 ni bọ́ọ̀lù gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá bẹ́ẹ̀. Hawthorn gba ife náà, 115 sí 89.

Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí. Bàbá kan tó jẹ́ ti Geelong ṣì ń sọ pé ojóró gbáà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ti Hawthorn dá a lóhùn níbi ìpàdé wa pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìwé wo nínú òfin ló ti ní kí wọ́n má ṣe é?” Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣé gbogbo ohun tí kò sí nínú ìwé ló dáa?” Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá kan ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní kí wọ́n rántí ayò. Bí ilé ẹni tí à ń bá ta bá ṣófo, tí a sì ní ọmọ ayò tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ta á dé ibẹ̀. A ò lè jókòó ti ọrọ̀ wa ká máa wò ó. Ó ní òfin yẹn wà kí eré má bàa kú. Ohun tí AFL náà ṣe nìyẹn. Wọn ò gba ife lọ́wọ́ Hawthorn, torí Hawthorn kò rú òfin kankan. Òfin ni wọ́n tún ṣe. Láti ọdún 2009, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà láìsí ẹni tó ń lé e, fíríkíìkì di ti ọ̀tá rẹ̀ níbi tó súnmọ́ òpó pẹ́kípẹ́kí.

Ojóró ló kù, òun ló sì kan àwọn ọmọ wa gan-an. Òfin ní a ò gbọdọ̀ di èèyàn mú lókè èjìká. Òfin rere ni, ọrùn ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n àwọn kan rí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mú wọn bá ti ń bọ̀, wọ́n á tẹ orúnkún, wọ́n á rẹ orí wálẹ̀, kí ọwọ́ náà lè yọ̀ dé ọrùn, kí rẹfirí lè fọn fèrè fún wọn. Ní oṣù keje ọdún 2022, AFL là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ fa ọwọ́ dé ọrùn kò ní gba fíríkíìkì. A rí àwọn ọmọkùnrin wa tó ń dán an wò lórí koríko lẹ́yìn ìpàdé. A pè wọ́n jókòó. A ní ọrùn kì í ṣe ohun tí à ń fi tọrọ fíríkíìkì. A sì fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n: Bowden ṣe tiẹ̀ lójú gbogbo ayé, rẹfirí rí i, ó sì mọ ohun tó ń wò. Àmọ́ ẹni tó ń díbọ́n fẹ́ kí rẹfirí rí ohun tí kò sí. Ó fẹ́ sọ olóòótọ́ di òpùrọ́. Ojóró nìyẹn, bí òfin kò tilẹ̀ tíì dárúkọ rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, ṣé eré kọ́ ni? Ó kàn wá o. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan nínú ẹgbẹ́ wa gba iṣẹ́ rẹfirí fún àwọn ọmọ kéékèèké ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń pariwo lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, ta ló rán an wá. Ọmọ náà sunkún délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó dá a lójú pé fèrè tí ó fọn tọ̀nà, ó ní, “Màámi, mi ò mọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fọn.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé! Kí ni a tún fẹ́ lọ́wọ́ adájọ́ ju ìyẹn lọ? Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, méjì nínú àwọn ìyá àti bàbá kan nínú wa lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì wọn. Ọmọ náà ṣì ń fọn fèrè rẹ̀ títí di òní.

AFL pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Lọ́dún 2022 ni wọ́n mú un le koko pé agbábọ́ọ̀lù tó bá na apá méjèèjì sí rẹfirí bí ẹni ń bú u, wọ́n á gbé ọ̀tá rẹ̀ síwájú ní mítà 50. Àwọn èrò bínú. Àmọ́ ohun tí àwọn ọmọ bá rí lórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ Sátidé, òun ni wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ Sunday.

Ohun kan wà nínú eré yìí tó wú wa lórí púpọ̀. Láti ọdún 1924 ni wọ́n ti ń fún agbábọ́ọ̀lù ní Brownlow Medal. Àwọn rẹfirí ló ń dìbò rẹ̀, 3, 2, 1, lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe déédéé jù tó sì mọ̀ ọ́n gbá jù ni wọ́n ń wá. Déédéé ló ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, mímọ̀-ọ́n-gbá ló tẹ̀lé e. Lọ́dún 1997, Chris Grant ló ní ìbò tó pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n ti dá a dúró fún eré kan ṣoṣo lọ́dún náà, nítorí náà Robert Harvey ló gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Kí wọ́n máa jiyàn lọ.

Nítorí pé àwa náà ò ní kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí fèrè bá ti dún, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìdájọ́ tòní ti parí. Àmọ́ òfin kì í parí. Bí òfin kò bá dáa, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe, bí wọ́n ti tún un ṣe lọ́dún 2009 àti 2012. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní olè láìrí ohun tó jí. Ẹ̀yin òbí, bí à ń jà, bí í ká kú kọ́. Geelong àti Hawthorn ṣì lè jọ jẹ mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ kan náà.

Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ rẹfirí, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Òbí tó bá lè bá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀. Kó má gbàgbé fúláàsì tíì. Ire o.