Atúpalẹ̀ Tí Ń Ka Gbólóhùn Tí Kò Tíì Parí

Láti ìgbà tí mo ti sọ pé atúpalẹ̀ kóòdù ni mo fẹ́ fi ṣe mémoire mi ni àwọn kan ti ń bi mí pé: "Ṣé o ti fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sílẹ̀ ni?" Rárá o. Iṣẹ́ ilé wa náà ni mo ń ṣe.

Ní 1956, Noam Chomsky to gírámà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ní 1960, irú òfin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣàlàyé ìhun ALGOL 60, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Masaru Tomita gbé ọ̀nà ìtúpalẹ̀ kan jáde fún èdè ènìyàn, nítorí pọ́nna. Ẹ wo "ilé ọ̀rẹ́ mi tuntun": ṣé ilé ló jẹ́ tuntun ni, àbí ọ̀rẹ́? Atúpalẹ̀ Tomita lè di igi méjèèjì mú pọ̀. Irú ọ̀nà yìí ló wà nínú Tree-sitter, tí Max Brunsfeld bẹ̀rẹ̀, tí ètò ìkọ̀wé Atom sì lò ní 2018. Atom ti kógbá wọlé ní 2022, ṣùgbọ́n Neovim àti Emacs ń lo Tree-sitter.

Iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti kọ́ńpáílà lọ ní ibì kan. Bí kóòdù bá ní àṣìṣe, kọ́ńpáílà lè kọ̀ ọ́. Atúpalẹ̀ inú ètò ìkọ̀wé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì kọ ọ́ tán. Ó ní láti sàmì sí ibi tó dàrú tàbí ibi tí nǹkan kù sí, kó sì máa ka ìyókù lọ. Bí a bá yí lẹ́tà kan padà, kì í tún gbogbo rẹ̀ kà. Apá tí kò yí padà lára igi náà ló ń lò.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí. Nínú fáìlì Toolbox tí a fi ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, \lx ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀, \ps ló ń ṣáájú ìsọ̀rí rẹ̀, \gn sì ń ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè ìjọba. Mo ti ń kọ gírámà fún un, kí àmì lè yọ lójú ẹsẹ̀ bí \ps bá kù. Bí àmì náà bá yọ nígbà tí ìyá àgbà tí ń sọ èdè Kétu fún wa ṣì jókòó tì wá, a ó bi í. Bí ó bá di ọdún méjì, a lè má bá a mọ́.

Atúpalẹ̀ kò gbọ́ ohùn o. Bí a bá kọ "igba" láìsí àmì, kò lè mọ̀ bóyá igbá ni ìyá wí, tàbí igbà, tàbí ìgbà. Etí tiwa nìyẹn wà fún.

Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Wọ́n mọ ẹ̀rọ, àwa náà sì mọ gírámà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.