A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Èmi, Màámi àti Wíìgì

Òwe kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan nígbà tí onítọ̀hún kò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gba máàkì lórí rẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ìgbà tí irun orí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í já ni mo tó mọ̀ pé òwe náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ orí gan-an, orí tí irun ń hù lórí rẹ̀.

Onídìrí ni ìyá mi. Ní agboolé wa ní Ìbàdàn ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, lórí àpótí kékeré kan, pẹ̀lú òòyà, òwú dúdú àti ìgò àdí àgbọn. Owó irun ni ó fi rán mi dé yunifásítì. Fún àǹfààní ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé irun dídì àti irun kíkó kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọwọ́ lásán ni a fi ń di irun mọ́ awọ orí. Òwú ni a fi ń kó o. Nínú irun dídì ni a ti rí ṣùkú, tí gbogbo ìlà rẹ̀ ń gòkè lọ pàdé ní àárín orí. Kòlẹ́sẹ̀, tí ó ń ti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí ó ń ti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú. Àti pàtẹ́wọ́, tí apá méjèèjì ń pàdé láàárín bí ìgbà tí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́. Ìyá mi mọ gbogbo wọn dì bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń jókòó sí àárín orúnkún rẹ̀. Orí mi ni ó fi ń polówó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa wò mí ní ojú ọ̀nà, wọn a sì bèèrè pé ta ni ó di irun náà. Nítorí náà irun mi gbọ́dọ̀ le, kí ó má baà tètè tú. Bí mo bá sunkún, yóò ní, "Fara dà á, Àbẹ̀kẹ́, yóò dùn ọ́ mọ́ bí o bá wo dígí." Lóòótọ́, tí mo bá wo dígí, inú mi a máa dùn. Ṣùgbọ́n n kì í lè fi ẹ̀gbẹ́ orí lélẹ̀ sùn fún ọjọ́ méjì, àwọn kókó wẹ́wẹ́ a sì máa yọ sí iwájú orí mi bí ooru. Gbogbo wa rò pé bí ẹwà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo dàgbà, mo tún fi ìpara tí ń mú irun nà kún un, mo sì ń di àtáṣímẹ́ńtì gígùn mọ́ irun tí ìpara ti sọ di aláìlágbára.

Ní ọdún 2016, nígbà tí mo pé ẹni ọdún 41, mo ṣí gèlè lẹ́yìn òde kan, mo sì rí i pé ẹ̀bátí mi méjèèjì ti dán. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta ni irun ti fi sẹ́yìn ní apá kọ̀ọ̀kan. Dókítà awọ ara tí mo lọ rí fi gíláàsì wo orí mi, ó sì bi mí léèrè irú irun tí mo ń ṣe láti kékeré. Ó ṣàlàyé pé fífà tí a ń fa irun léraléra máa ń ṣe gbòǹgbò rẹ̀ léṣe. Bí ènìyàn bá tètè jáwọ́, irun náà lè padà hù. Ṣùgbọ́n bí fífà náà bá pẹ́, àpá yóò bo ojú ibi tí irun ti ń hù, kò sì ní hù mọ́. Mo bi í nípa minoxidil, òògùn tí a kọ́kọ́ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a tó ṣàkíyèsí pé ó ń mú irun hù lára àwọn tí ń lò ó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àṣẹ sí i fún irun àwọn ọkùnrin ní ọdún 1988. Dókítà ní ó lè ran ibi tí gbòǹgbò ṣì wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè jí ibi tí àpá ti bò. Tèmi ti di àpá.

Mo padà sílé, mo sì ń wá orúkọ tí n ó pe ara mi. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pá, a ó pè é ní apárí, a ó fi ṣe àwàdà díẹ̀, a ó ní owó ni ó fẹ́ wọlé wá, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí orí rẹ̀ ń pá ńkọ́? N kò gbọ́ àwàdà kankan fún un. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbọ́. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kò rí ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ti orí ara mi.

Àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kò dákẹ́ ní tiwọn. Ọ̀kan ní kí n lọ ra wíìgì kíákíá, pé irun ni ẹwà obìnrin. Èkejì ní wíìgì jẹ́ irọ́ tí a dé sórí, pé kí olùkọ́ èdè àti àṣà má ṣe dán irú rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ní kí n fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ olúkúlùkù ní ìdí, ṣùgbọ́n èmi olórí ni wọn kò bi léèrè ohun tí mo ń fẹ́.

Ti ẹnìkejì ni ó dùn mí jù, nítorí pé ó fi àṣà bá mi wí. Mo wá jókòó, mo rò ó. Àṣà wo gan-an? Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìdajì orí àwọn ìlàrí ni wọ́n máa ń fá, orúkọ wọn pàápàá sì ń sọ ti orí tí a là. Àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin pàápàá ń di irun bí obìnrin. Òwú tí a fi ń kó irun kì í ṣe irun. Gèlè tí a ń wé ga sókè kì í hù lórí ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa kò fi orí sílẹ̀ bí ó ṣe wà rí. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé orí òde ni wọ́n ń tún ṣe. Orí inú ni ẹni tí wọ́n ń bọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wíìgì kò sọ mí di elékèé, àìdé e kò sì sọ mí di akọni.

Àmọ́ ṣá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ wíìgì kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ìyá mi ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún. Làkúrègbé ti mú ọwọ́ rẹ̀, kò lè di irun mọ́, ohun tí ó sì kù tí ó fi ń yangàn ni iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Ó fi àwòrán mi pẹ̀lú ṣùkú kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ni ẹni tí ó yà á yà, gẹ́gẹ́ bí J. D. 'Okhai Ojeikere ti ṣe pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn irun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọdún 1968. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí hàn kedere níbẹ̀. Iwájú orí kò hàn. Báwo ni n ó ṣe sọ fún ìyá pé ọwọ́ tí ó fi tọ́ mi ni ó fa irun mi tu?

Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra wíìgì kúkúrú kan ní ₦35,000. Ọmọbìnrin tí ó tà á fún mi fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí mi, mo kọ̀, nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ pé gọ́ọ̀mù àti ohun tí ó bá fún orí pinpin lè kó ìwọ̀nba irun tí ó kù lọ. Èyí tí ó ní okùn tí a lè dẹ̀ ni mo mú, mo sì ń dé fìlà òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, mo dé e lọ sí ilé. Màámi wò mí títí.

"Irun yìí dára. Ta ni ó dì í?"

"Wọn kò dì í, Mà. Wíìgì ni."

"Wá jókòó."

Mo jókòó sórí àpótí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà èwe mi. Ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n ṣí wíìgì náà kúrò fúnra rẹ̀, ó sì fi ìka tọ ojú àpá náà, ọ̀tún, òsì. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Gèlè rẹ yọ̀ lọ́jọ́ kan tí o sùn síbí. Ìwọ ni mo ń retí pé kí o sọ fún mi." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ọwọ́ mi ni?"

Mo ti to irọ́ sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn tipẹ́: ọjọ́ orí, ìkúnlẹ̀ abiyamọ, omi Ìbàdàn. Kò sí èyí tí ó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ọwọ́ yín wà níbẹ̀, Màámi. Ìpara àti àtáṣímẹ́ńtì tí mo fi owó ara mi ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ yín yìí kan náà ni ó sì rán mi ní ilé ìwé."

Kò sọ pé kí n má bínú, n kò sì retí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, pé irun tí kò bá le, oníbàárà kì í padà wá. Ó bu àdí àgbọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa ibi tí kò sí irun mọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó dé wíìgì náà padà fún mi, ó sún sẹ́yìn, ó sì ní ìlà rẹ̀ wọ́. Ó mú òòyà, ó tọ́ ọ. "Bí ó bá wù ọ́, máa dé e. Bí kò bá wù ọ́, ṣí i. Orí tìrẹ ni."

Ìpinnu mi nìyẹn títí di òní. Mo ń dé e lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá wù mí. Ní ọjọ́ mìíràn, gèlè ni, tàbí orí lásán. Nílé, n kì í dé nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi mọ bí orí mi ṣe rí àti ohun tí ó fà á. Bí ó bá jókòó síwájú onídìrí, ó mọ̀ pé irun tí ń dunni ti le jù, àti pé òun lè sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀." Màámi fúnra rẹ̀ ni ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọge tí ń di irun ní agboolé wa báyìí.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má pa irun dídì tì, ohun iyì wa ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sunkún lábẹ́ òòyà, ẹ dẹwọ́ kí ẹ bi í léèrè. Òun ni olórí. Ire o.