Kámẹ́rà Méjì ní Etí Odò Ògùn
Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbéra láti Ṣakí lọ sí Ìkéré lẹ́bàá Ìséyìn, níbi tí wọ́n gbé sé Odò Ògùn. Kámẹ́rà olówó ńlá ni tirẹ̀. Pọ́ọ́kú lowó tèmi.

Ní ìdájí, fọ́tò lékeléke tirẹ̀ mọ́ kedere. Tèmi ṣú bàìbàì. Ojú tí tirẹ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ló tóbi jù. Nígbà tí oòrùn yọ, a fi lẹ́ńsì 300mm kan náà ya àwòdì. Tèmi fà á súnmọ́ wa bíi ti 450mm, torí àárín àwòrán nìkan ni ojú kékeré rẹ̀ ń mú.

Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo ti fẹ́ fi ra ti ńlá. Mo dá a padà sápò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.